Ẹ má tíì ta mọ́tò oníná yẹn fún oní-irin àlòkù

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a ń ṣe rí-wáyà (wíwé kọ́ìlì tuntun) àti àtúnṣe mọ́tò oníná ní agbègbè Lafẹnwá, Abẹ́òkúta, la kọ lẹ́tà yìí. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ láfún, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tó ń fa omi kànga la sì ń bá sọ̀rọ̀.

Mọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀, tí kò ní kàpásítọ̀ (agolo kékeré tó ń kó iná pamọ́) mọ́, tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán, tí ẹnì kan ti yọ súìṣì inú rẹ̀ fi tún òmíràn ṣe, oní-irin àlòkù ni wọ́n ń pè sí i. Yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò san owó bàbà inú rẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ohun tó sọnù lára irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́ ló wọ́n jù lára rẹ̀. Ohun tó wọ́n ni stator, ìyẹn ara tí kọ́ìlì wà, àti rotor tó ń yí láàárín rẹ̀. Àfi tí àwọn irin pẹlẹbẹ inú stator bá ti yọ́ mọ́ra wọn, tàbí tí àwọn ọ̀pá inú rotor ti já, tàbí tí ilé bíárìn ti fọ́ débi pé oníléètì ò rí ibi tí yóò ki búùṣì bọ̀, nǹkan ṣì ń bẹ níbẹ̀. Kọ́ìlì tó jóná gan-an, rí-wáyà ló kàn. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ara àwo tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí àwo yẹn bá ti yọ dànù, ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ṣáfùtù. Nínú àwọn mọ́tò féèsì mẹ́ta (tí wáyà iná mẹ́ta ń wọ̀) tó ń yí nǹkan bí 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó bá wọn 80 mìlímítà, ṣáfùtù 19 mìlímítà ló máa ń ní, agbára rẹ̀ kì í sábà ju 1 hp lọ. Èyí tó bá jẹ́ 90, ṣáfùtù 24, ó lè jẹ́ hp kan àbọ̀ tàbí 2. Èyí tó bá jẹ́ 100, ṣáfùtù 28, ó lè jẹ́ 3 tàbí 4. Ti féèsì kan sábà máa ń sanra díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fi ínǹṣì ṣe ò sì bá ìwọ̀n yìí mu rárá. Ní ti eré tó ń sá, ẹ ka agbo kọ́ìlì tó nípọn nínú mọ́tò féèsì kan: bó bá jẹ́ agbo méjì, nǹkan bí 2,850 ni yóò máa yí, bó bá jẹ́ mẹ́rin, nǹkan bí 1,450, torí pé 50 hertz ni iná tiwa. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, ó máa wúlò láìpẹ́.

Mọ́tò féèsì kan ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ni wọ́n ń ṣì tún ṣe jù. Kọ́ìlì méjì ló ní: èyí tó ń ṣiṣẹ́ títí, wáyà rẹ̀ nípọn, èyí tó ń tì í gbéra, wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ orí wáyà mẹ́ta ló yọ síta tí ẹ ò sì mọ èwo ni èwo, ẹ fi mítà wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì. Ká ní ẹ rí 2 ohm, 5 ohm àti 7 ohm (ohm ni ìwọ̀n ìdènà iná). Ẹ yọ méjì tó fún yín ní 7 sọ́tọ̀. Wáyà kẹta tó kù ni àjọlò. Láti àjọlò sí ibi tí ẹ ti rí 2 ni kọ́ìlì iṣẹ́, láti àjọlò sí ibi tí ẹ ti rí 5 ni kọ́ìlì ìgbéra. Bí méjì kékeré ò bá ròpọ̀ di ńlá, ẹ tún un wọ̀n. Tí orí wáyà kan bá sì ń bá ara mọ́tò sọ̀rọ̀ lórí mítà, ẹ má tan iná sí i.

Kàpásítọ̀ tó sọnù ńkọ́? Irú méjì ló wà, wọn kì í sì í jẹ́ oyè ara wọn. Ti ìgbéra fún mọ́tò 2 hp sábà máa ń wà láàárín 200 sí 300 microfarad (ìwọ̀n iná tí kàpásítọ̀ lè gbà), 250 volt. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ṣe é fún; tó bá pẹ́ lórí iná jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bẹ́. Ti iṣẹ́, tí kì í kúrò lórí iná, sábà máa ń wà láàárín 25 sí 40 microfarad, 450 volt. Àwọn kan máa ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi 450 volt ṣe nígbà tí iná ilé jẹ́ 230. Ìdí ni pé kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kan náà máa ń gbé volt ẹnu kàpásítọ̀ ga ju ti iná ilé lọ. Èyí tí wọ́n kọ 250 sí ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé microfarad tó pọ̀ jù ló ń fún mọ́tò lágbára: kọ́ìlì ìgbéra àti ẹnu súìṣì ló ń sun. Kàpásítọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè ta èèyàn ṣánlẹ̀. Gílóòbù ni kí ẹ fi kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó fi tú iná inú rẹ̀ dànù, kì í ṣe sikúrúdíráfà.

Súìṣì inú mọ́tò, èyí tó ń já kàpásítọ̀ ìgbéra kúrò lójú iná, ẹ̀yà méjì ni. Ọ̀kan wà lórí ṣáfùtù, ó ní sípíríǹgì. Èkejì wà lára ìdérí, ó ní ẹnu tó ń kanra. Nígbà tí mọ́tò bá sá eré tó tó nǹkan bí 75 nínú 100 eré rẹ̀, ti ṣáfùtù á fà sẹ́yìn, ẹnu á là. Ibí ni nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ ti wúlò. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò 2,850 ò ní là kí ó tó sá dé nǹkan bí 2,200. Tí ẹ bá ki í sínú mọ́tò 1,450, kò ní là láéláé, gbogbo kàpásítọ̀ tí ẹ bá rà ni yóò máa bẹ́. Tí wọ́n bá ń ta súìṣì fún yín, ìwọ̀n ihò ṣáfùtù nìkan ò tó. Ẹ béèrè eré rẹ̀ pẹ̀lú.

Etí lẹ fi ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ pa mọ́tò, kí ẹ dákẹ́. Bó ṣe ń rọlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ “kọ” lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ẹnu ti padà kanra. Nínú ẹ̀rọ láfún, ìyẹ̀fun máa ń wọ ẹnu yìí, ó máa ń dì síbẹ̀, mọ́tò á wá máa kùn láìgbéra. Wọ́n á ra kàpásítọ̀ tuntun lórí asán. Ẹ fẹ́ ìyẹ̀fun náà dànù, kí ẹ fi sáńpépà tó kúnná gidi nu ẹnu náà. Ẹni tí kò bá rí súìṣì rà lè fi bọ́tìnì títẹ̀ tó lè gbé 20 amp ṣe é ná, kó jù ú sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bọ́tìnì aago ẹnu ọ̀nà kọ́ o.

Ti féèsì mẹ́ta, àwọn irin bàbà kéékèèké inú àpótí wáyà ló máa ń sọnù, orí wáyà mẹ́fà á wá wà láìní àmì. Ẹ fi mítà wá orí wáyà méjì-méjì tó jẹ́ ti kọ́ìlì kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ so kọ́ìlì méjì pọ̀ tẹ̀ léra, ẹ fi trànsífọ́mà kékeré fún wọn ní 24 volt, kí ẹ wọn kọ́ìlì kẹta. Bí volt bá hàn níbẹ̀, ìdí ọ̀kan lẹ so mọ́ orí èkejì. Bí kò bá sí ohun tó tó nǹkan, orí mọ́ orí tàbí ìdí mọ́ ìdí ni. Ẹ sàmì sí i, kí ẹ tún fi ẹ̀kẹta ṣe é. Èyí tí wọ́n kọ 230/400 sí lára, star (ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀) ni kí ẹ so ó lórí iná féèsì mẹ́ta tiwa. 400/690, delta (ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì, yípo) ni. Ẹni tó bá so 230/400 ní delta, èéfín ló máa rí. Ẹni tó bá so 400/690 ní star, mọ́tò á gbéra, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, yóò sì jóná díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Bíárìn ò le: nọ́ńbà wà lára rẹ̀. 6204, ihò 20 mìlímítà. 6205, ihò 25. Òrùka inú ni kí ẹ fi páìpù tì wọ ṣáfùtù, ẹ má lu tìta. Fáànù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Pánẹ́ẹ̀bítà lè ṣe ìdérí rẹ̀, kó ṣáà jẹ́ kí ihò afẹ́fẹ́ pọ̀. Kíì ṣáfùtù 24, irin kékeré tó ń di púlì mú, jẹ́ 8 lórí 7 mìlímítà. Ìṣó tí wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀ dípò kíì ló ń jẹ ihò púlì.

Mọ́tò tí omi ẹ̀gẹ́ tàbí òjò ti rin, ẹ ki gílóòbù olókùn 100 watt sí àárín stator, kí ẹ fi àpò bò ó di ọjọ́ kejì. Èyí tí kì í gbóná, tó ń fi iná pamọ́, ò wúlò fún èyí. Lẹ́yìn náà, megger 500 volt (mítà tó ń wọn bóyá iná ń jò sí ara mọ́tò) gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 1 megaohm hàn láàárín kọ́ìlì àti ara mọ́tò. Gílóòbù tí àwọn kan ń so sójú iná láti fi mọ̀ bóyá kọ́ìlì jóná ò lè sọ òótọ́: kọ́ìlì ohm méjì tó dára àti èyí tó ti kanra, bákan náà ni gílóòbù á ṣe tàn.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láìsí bẹ́líìtì. Kí ẹ sì wọn volt nígbà tó bá ń gbéra, torí bí iná bá wálẹ̀ sí 180, agbára ìgbéra ò ju nǹkan bí 60 nínú 100 lọ. Mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe dáadáa lè máa kùn ní ìrọ̀lẹ́ tí iná bá rẹlẹ̀, wọ́n á ní oníṣẹ́ ló bà á jẹ́.

Tí ẹ bá wá gba mọ́tò lọ́wọ́ wa, ẹ ní ká fi ọ̀dà kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí wáyà: iye ìyí kọ́ìlì, nọ́ńbà wáyà, microfarad méjèèjì, eré súìṣì àti nọ́ńbà bíárìn. Kí ẹ sì ní ká fi ọ̀bẹ ha ẹ̀fẹ́lẹ́ wáyà kan níṣojú yín ká tó dì í. Bó bá funfun lábẹ́, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn. Ẹ má san owó bàbà.

Àwa oníṣẹ́ rí-wáyà,
Lafẹnwá, Abẹ́òkúta.