Géèmù Ayò Rẹ Kò Ṣí Nílé Wa

Ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà,
Iléṣà.

Àdùnní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àkúrẹ́? Géèmù ayò tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ fún ẹni mẹ́ta nínú ọjà kí n tó ṣí i rárá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, mo tẹ main.py lẹ́ẹ̀mejì, Windows bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣí i. Mo yan Notepad. Ìwé ló tú jáde, láti orí “import pygame” lọ sísàlẹ̀. Bàbá onítáyà wo ojú mi, ó ní, “Lẹ́tà ni ọmọ kọ sí yín?”

O ní kí n lọ dáńlóòdù Python, èdè tí o fi kọ géèmù náà, àti Pygame, irinṣẹ́ géèmù tó ń bá a ṣiṣẹ́. Èmi lè ṣe é, iṣẹ́ mi ni. Ta ni yóò wá bá Bàbá onítáyà ṣe tirẹ̀? Bàbá mi tó bí mi, òṣómàáló ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni wọ́n ń tú aṣọ sí. N kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ gbé òfì kalẹ̀ kó tó ra aṣọ.

Inú mi tún dùn nígbà tí o fi PyInstaller dì í ní Ọjọ́bọ̀, nítorí òun ló ń kó Python fúnra rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ. Mo tẹ .exe náà, fáìlì tí Windows ń ṣí fúnra rẹ̀. Fèrèsé dúdú kan ṣẹ́jú, ó lọ. Mo tún un tẹ̀, ó tún lọ. Ni mo bá ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo pe géèmù náà láti ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má baà parẹ́. Ó ní FileNotFoundError, ó ní òun ń wá C:\Users\Adunni\Desktop\ayo\omo.png. Àdùnní, kọ̀ǹpútà mi ń wá Desktop rẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Mo dá fódà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ tèmi, mo da àwọn àwòrán inú èyí àkọ́kọ́ sí i, ó sì ṣí. Ṣé bí gbogbo ayé yóò ṣe máa ṣe é nìyẹn? Má kọ àdírẹ́sì ilé rẹ sínú iṣẹ́ mọ́. Jẹ́ kó máa wá àwòrán láti ara __file__, tó ń sọ ibi tí fáìlì iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà, kí o sì fi --add-data kó fódà àwòrán mọ́ ọn nígbà tí o bá ń dì í.

Mo rí i pé --onefile lo lò. Kò wù mí. Fáìlì kan ṣoṣo dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí i ló máa ń kọ́kọ́ tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń falẹ̀ lórí ẹ̀rọ ògbólógbòó. Antivirus tún máa ń fura sí irú rẹ̀ ju onífódà lọ. Fi sílẹ̀ ní fódà, kí o sì sọ fódà náà di zip, fáìlì kan ṣoṣo tí a fún pọ̀. Má wulẹ̀ fi Gmail gbé e, kì í gba .exe, kódà bó wà nínú zip. Google Drive ni kí o lò.

Àwọn ènìyàn yóò ṣí zip náà, wọn yóò sì tẹ .exe láti inú rẹ̀ láìtú u. Mo ń rí i lójoojúmọ́. Kọ ìwé pélébé kan sí i, ní Yorùbá, pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ Extract All. Kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé Windows lè gbé àpótí búlúù jáde nítorí pé kò mọ ẹni tó ṣe géèmù náà, àti pé More info ni wọn yóò tẹ̀, kí wọ́n tó rí Run anyway. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni pa antivirus rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Wọn kì í rántí tan án padà, ọ̀dọ̀ mi níbí ni wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ náà wá bó bá yá.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ṣì ń lo Windows 7. Python 3.8 ló gbẹ̀yìn tó gbà á, 3.9 kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní tèmi, kọ ọ́ gbangba pé Windows 10 lọ sókè ni, má fi ògbólógbòó dá ara rẹ dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ onímac náà, orí Mac ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ di tirẹ̀. Èyí tí o dì lórí Windows kò lè ṣí fún un.

Mo ti ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ tí Python kò dé rí. Orí rẹ̀ ni kí o ti máa dán an wò bí o bá wálé, tèmi ti bàjẹ́ fún irú iṣẹ́ yẹn báyìí, nítorí fódà orúkọ rẹ ti wà lórí rẹ̀.

Bàbá rẹ.

Mo gbàgbé: nínú ọmọ ayò 48, géèmù rẹ kó 29 lọ́wọ́ mi. Bàbá onítáyà ló ń kà á sókè.