Nígbà Tí Kọ́kọ́rọ́ Bá Bọ́ Sí Ọ Lọ́wọ́
Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù fún Jímọ̀ yìí

Àsàláámù àléékúmù, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ sàká tí a ṣèlérí yóò dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìjà tó pín ìjọ wa sí apá méjì ni mo fẹ́ sọ lónìí: àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ báyìí, wọ́n ti fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yíyọ orúkọ àwọn kan nínú ìwé ìjọ sì ti délẹ̀.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibì kan náà ni ọkàn mi ń padà sí nínú Alùkùránì, Súrà Al-Máídà, ẹsẹ 8: "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkórìíra àwọn ènìyàn kan mú yín kọ déédé ṣíṣe sílẹ̀. Ẹ ṣe déédé. Òun ló súnmọ́ ìpayà Ọlọ́run jù."

Ẹ tún un kà. Kò sọ pé ẹni tí ẹ ń bínú sí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ṣí ẹsẹ 2 nínú Súrà kan náà: gbólóhùn ìkórìíra yìí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á. Wọ́n ti dí àwọn onígbàgbọ́ lọ́nà Mọ́sáláṣí Abọ̀wọ̀ ní Mẹ́kà. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀! Ẹjọ́ wo ló tún jù bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí wọ́n má kọjá ààlà. Ẹni tó jàre gan-an ni ẹsẹ yìí ń bá wí.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa fi ilẹ̀ Tọ́kì ṣe àpẹẹrẹ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Tọ́kì. Àwọn ológun ibẹ̀ sọ ara wọn di ẹ̀ṣọ́ ìjọba tí kì í da ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ òṣèlú. Wọ́n gbàjọba ní 1960, wọ́n sì yẹgi fún Adnan Menderes, olórí ìjọba tí aráàlú yàn, ní 1961. Wọ́n tún gbà á ní 1980. Ní oṣù Kejì 1997, ìwé tí wọ́n to ohun 18 tí wọ́n fẹ́ sí nìkan ni wọ́n gbé síwájú Necmettin Erbakan, olórí ìjọba ìgbà náà. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ó ti kúrò nípò. Àwọn ọmọbìnrin tó fi ìbòrí borí ń ti ẹnu géètì yunifásítì padà sílé. Recep Tayyip Erdoğan, tó ti ṣe olórí ìlú Istanbul, ṣẹ̀wọ̀n oṣù 4 ní 1999 nítorí ewì tó kà ní gbangba. Wọ́n jẹ àwọn ẹlẹ́sìn níyà lóòótọ́.

Ẹgbẹ́ òṣèlú Erdoğan wọlé ìdìbò ní 2002, kọ́kọ́rọ́ ìjọba bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ: wọ́n dín agbára ológun kù nínú ìgbìmọ̀ ààbò. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Balyoz dé, níbi tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan àwọn ológun pé wọ́n gbèrò láti gbàjọba. Wọ́n dá ọ̀gá ológun tó lé ní 300 lẹ́bi ní 2012, lórí ìwé inú CD tí wọ́n ní 2003 ni wọ́n kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìrísí lẹ́tà tó jẹ́ pé ètò kọ̀ǹpútà Office 2007 ló mú un jáde wà nínú rẹ̀. Ó di 2015 kí ilé ẹjọ́ tó dá wọn láre.

Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Keje 2016, àwọn ológun kan fi ọkọ̀ ogun dí afárá Bosphorus, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé aṣòfin. Ó lé ní 240 ènìyàn tó kú. Iṣẹ́ ibi ni. Aráàlú ló jáde dá wọn dúró. Kí ló wá tẹ̀lé e? Ọdún 2 òfin pàjáwìrì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 100,000 pàdánù iṣẹ́, olùkọ́ àti adájọ́ pẹ̀lú. Orúkọ wọn ṣáà jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba ni. Ìjọba kò gbọ́ tẹnu wọn kó tó lé wọn. Ní oṣù Kẹta 2025, olórí ìlú Istanbul mìíràn, Ekrem İmamoğlu, alátakò Erdoğan, wọ àtìmọ́lé. Ipò tí Erdoğan fúnra rẹ̀ ti wà rí náà ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìjọ lẹ̀ ń ṣọ́, ta ló ní kí ẹ fi ipá ṣọ́ ọ? Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́dún ìjelòó, àgádágodo tuntun kò lè dá ẹjọ́ àtijọ́. Kí a tó yọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé, a ó pè é, a ó ka ẹ̀sùn sí i létí, a ó fún un láyè láti mú ẹlẹ́rìí wá, ẹni tí wọ́n jọ ń jà kò sì gbọdọ̀ jókòó sáàárín adájọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ọmọ mi ni gbogbo yín. Apá méjèèjì lẹ jọ ru yanrìn tí a fi kọ́ ilé yìí. Ẹ wá bá mi lẹ́yìn Ásírì lónìí, ẹ má kó èrò lẹ́yìn.

Ìfilọ̀: Àsàlátù ọjọ́ Àìkú yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo 9. Fidáù ọjọ́ 8 ìyá wa yóò wáyé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Owó dísù kò tíì pé. Ọmọ ilé kéwú kọ̀ọ̀kan, kó mú wàláà tirẹ̀ wá.