Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Eruku Ló Bò Ó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o, ẹ sì kú ooru.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún ìwé yìí, lórí ìdámẹ́wàá. Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí aáwọ̀ orin ṣẹlẹ̀ láàárín wa, mo fà á ya. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wádìí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sọ. Bíbélì ni mo fẹ́ kà.

1 Kọ́ríńtì 14, ẹsẹ 7. Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ ohun tí kò ní ẹ̀mí tó sì ń dún. Ó dárúkọ fèrè, ó dárúkọ dùùrù olókùn. Ó ní bí kò bá sí ìyàtọ̀ nínú ohùn wọn, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí? Mo ti wàásù lórí orí yìí rí, mo sì fo ẹsẹ náà bí ẹni fo gọ́tà. Lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Àwọn ará Kọ́ríńtì ní Ẹ̀mí, wọ́n ní ẹ̀bùn, orí ẹ̀bùn náà ni wọ́n ń jà lé. Ẹ wá wo ohun tí Pọ́ọ̀lù mú wá láti fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n: igi àti irin! Ohun tí kò lè mí fúnra rẹ̀!

Dùùrù onípáìpù ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí tiwa tó ń lo iná yìí kò lè fi hàn yín. Ẹni tó bá ti dúró ní àgbẹ̀dẹ rí mọ ẹwìrì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n a máa rán mi lọ gba ọkọ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Tákìé, bàbá náà á sì ní kí n bá òun fi ẹwìrì fẹ́ná kó tó dá mi lóhùn. Irú ẹwìrì bẹ́ẹ̀ ni ìdí dùùrù. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpótí tó wà lábẹ́ àwọn páìpù. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ihò páìpù kan á ṣí, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ kọjá, á di ohùn. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin kan ló máa ń wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tẹ ẹwìrì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Ìjọ kì í rí wọn. Kò sì sí páìpù tó mú atẹ́gùn tirẹ̀ wá láti ilé, bó ti wù kó ga tó.

Ní Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1163 ní ìlú Paris, páìpù dùùrù ńlá ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Òmíràn gùn tó mítà 10, òmíràn ò ju pẹ́ńsùlù lọ. Ìyàtọ̀ tí Pọ́ọ̀lù ń wí nìyẹn. Àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, ṣiṣẹ́ gidi kí orin ìsìn wa lè bá ohùn ọ̀rọ̀ wa mu, torí bí a bá kàn gbé Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn lẹ́nu ẹni. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ orin àtijọ́ kò ṣẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tuntun kò ṣẹ̀.

Àmọ́ àrùn kan wà tó máa ń ṣe dùùrù. Páìpù kan á ṣàdédé máa dún láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ihò rẹ̀ ló kọ̀ tí kò pa dé mọ́. Wọ́n ń gbàdúrà, ó ń dún. Wọ́n ń ka Bíbélì, ó ń dún. Ohùn rẹ̀ lè dára o, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ á di etí. Ọ̀pọ̀ dùùrù tún ní páìpù níwájú tó ń dán gbinrin, tí atẹ́gùn kankan kò dé inú rẹ̀. Ẹwà lásán ni wọ́n fi í ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú, tẹ́ ẹ gbọ́ tí ọmọdé ń gbé ohùn sókè sí ẹni tó lè bí i lọ́mọ, tẹ́ ẹ wá ń wo aago ọwọ́ yín, irú páìpù wo lẹ jẹ́? Ìwọ ọmọ náà, ta ló tẹ̀ ọ́ tó o fi ń dún? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fi ogún ọdún sọ àga ìsìn di ogún bàbá yín ńkọ́? Láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ti wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, mélòó ló ti kọrin ní ìlú yìí tó ti lọ? Orin dúró bí?

Mo mọ̀ pé ó le. Ìyàwó mi kà á, ó ní kí n yọ gbólóhùn kan, mo sì yọ ọ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2019, iná jó òrùlé Notre-Dame, àwa tá a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n sì rò pé dùùrù yẹn ti bá a lọ. Iná ò kàn án. Òjé tí wọ́n fi bo òrùlé ló di eruku, tó wọ inú rẹ̀. Wọ́n tú páìpù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n nù wọ́n, wọ́n dá wọn padà. Nígbà tó wá kan àtitún ohùn wọn ṣe, òru ni wọ́n ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù, torí ariwo iṣẹ́ ọ̀sán kò jẹ́ kí etí gbọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá 2024, bíṣọ́ọ̀bù àgbà dúró, ó ní kó jí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló pè é, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló dáhùn. Atẹ-dùùrù mẹ́rin ló pín ìdáhùn yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wo ìjọ yìí, mi ò tíì rí ibi tó jóná. Ẹ̀yin méjèèjì tí mo ní lọ́kàn, mo fẹ́ràn yín. Ọ̀kan nínú yín kọrin níbi ìsìnkú ìyá mi, ìkejì, èmi ni mo rì í bọmi. Ẹ jẹ́ kí ilé pa rọ́rọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ná.

Ìkéde, àyè ti tán: Ẹgbẹ́ obìnrin, ìpàdé yín di aago 4 ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Owó epo jẹnẹrétọ̀ oṣù yìí kò tíì pé. Kọ́kọ́rọ́ àpótí dùùrù wà lọ́wọ́ mi. Ẹni méjì ni yóò jọ wá gbà á, mi ò ní fún ẹnì kan ṣoṣo. Agboòrùn dúdú kan ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.