Gbogbo ìtọ̀ lemọ́lemọ́ kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí o, Olóòtú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, ẹni tó dá a lóhùn wá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó lọ wá agbo mu. Ẹ̀rín pa mí, inú sì tún bí mi, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo sì fi mu agbo ọ̀hún.

Dẹ́rẹ́bà ni mí, Ìbàdàn sí Èkó ni mò ń ná. Nígbà tọ́rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, tí mo bá gbéra ní Ìwó Road, kí n tó dé Gúrù Máràjì ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí, màá dúró, màá tún dúró ní Ògèrè, màá tún dúró ní Mówé, àwọn pásẹ́ńjà á sì máa bú mi lọ. Kọ̀ńdọ́ mi wá fi kẹ́ẹ̀gì kékeré kan sábẹ́ síìtì fún ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há wa mọ́ Ìbafò, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lóru ńkọ́, ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ bóyá ọkọ lòun fẹ́ àbí ọlọ́dẹ.

Èmi wá gé omi kù. Mo ní ẹni tí ò mu omi, kí ló fẹ́ tọ̀? Ìtọ̀ ò dín, ṣe ni ẹnu mi ń gbẹ bí ẹni bu ẹlúbọ́ sẹ́nu, orí ń fọ́ mi, ojú ń ṣe bàìbàì. Ìyá alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àwọn ẹgbẹ́ mi ní gáréèjì ní àtọ̀sí ni mo lọ kó níbì kan, páràgà láàárọ̀, agbo lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ọtí ló kún inú páràgà yẹn, ọtí fúnra ẹ̀ sì máa ń lé ìtọ̀ jáde, àṣé èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni arábìnrin kan jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ọjọ́ta ló ń lọ. Nígbà tí mo dúró lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tẹ́yìn ń pariwo, òun ò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì ni mí. Tẹ́ ẹ bá ń tọ̀, ṣé ó máa ń ya yàà ni àbí ó ń kán tótótó?" Mo ní ó ń ya. Ṣé ó ń ta yín? Rárá. Òùngbẹ ńkọ́? Mo ní hà, ṣé ẹ rí i lójú mi ni? Ó wá wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣòkòtò yín yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ rà á àbí ẹ yá a?" Mo wo ara mi, okùn ni mo fi so ó mọ́dìí.

Ó ní tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ò ní lè dá gbogbo ẹ̀ padà mọ́, á máa tú u sínú ìtọ̀, ṣúgà yẹn á wá fa omi ara tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí èèrà fi máa ń bo ibi téèyàn tọ̀ sí. Àmọ́ kéèyàn má dúró de èèrà o, ṣúgà ti ní láti ga gan-an kó tó jáde nínú ìtọ̀. Ó ní ká ní ó ń kán tótótó ni, tí mo ń dúró pẹ́ kó tó jáde, tó sì dà bíi pé ó ṣì kù, òun ì bá ní próstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, ló wú, ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún. Tó bá ń jó èèyàn tó sì ń rùn, kòkòrò ló wọ ọ̀nà ìtọ̀, obìnrin nìyẹn sì ń yọ lẹ́nu jù. Oyún ń fà á, ìju inú ilé ọmọ (fibroid) náà ń fà á, tíì àti kọfí àṣejù náà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni kó fa omi jáde, ẹni tó ń lò ó ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra ẹ̀, kó bi dókítà ìgbà tó yẹ kó máa lò ó.

Lọ́jọ́ kejì mi ò tíì jẹun tí mo fi lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n gún mi níka, kò pé ìṣẹ́jú kan, 286 mg/dL, ìyẹn òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló gbé jáde. Ẹni tí ò tíì jẹun, kò yẹ kó tó 100 o, tó bá ti di 126 sókè, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí ò yí padà, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. Dókítà fún mi lóògùn, ó gba míníra lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa mu omi mi. Ní báyìí ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń dìde lóru, ìyàwó mi ti ń hanrun padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì, tiẹ̀ ni tótótó yẹn. Ó ní ogbó ni, àfọjọ́ tí ìtọ̀ kọ̀ tí ò jáde rárá, tí abẹ́ ìdodo ẹ̀ le bí ìlù, tó ń ké bí ọmọdé. Rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde ni wọ́n tì bọ̀ ọ́ ní ọsibítù kó tó lè mí. Irú ìyẹn ò ṣeé sùn dilẹ̀ mọ́. Bákan náà lẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré tí ò sì dùn ún, àti ẹni tí ibà àti ẹ̀gbẹ́ dídùn bá a mọ́ ọn, àti aláboyún tí ìtọ̀ ń jó. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn tó tún wá bẹ̀rẹ̀, tó ń rù, tó ń mu omi ṣáá, ẹ má nà án o, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn kó kọ iye ìgbà tó tọ̀ àti ohun tó mu sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó mú un lọ bá dókítà. Tí nọ́ọ̀sì mi bá sì ń ka ìwé ìròyìn yín, ẹ bá mi kí i, ó ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọjọ́ta kí n tó rántí ṣéńjì ẹ̀. 500 náírà ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín,
Dẹ́rẹ́bà kan, Ìwó Road, Ìbàdàn.