Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí pílánù ilé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí a ń yàn sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ pílánù ilé wò ní àwọn káńsù Àbújá. N kò sọ pé dandan ni kí gbogbo wọn kàwé ètò ìlú ní yunifásítì, nítorí baálé àti ìyálọ́jà mọ ohun púpọ̀ nípa àdúgbò tí ọ̀mọ̀wé kò mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ láìkọ́ bí a ṣe ń ka pílánù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa onílé ní àdúgbò wa ní Kúbwá lọ fẹjọ́ ilé kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sun irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, bàbá àgbàlagbà kan nínú wọn, ọmọlúàbí ènìyàn, fi ìka tọ ìlà búlúù kan, ó sì béèrè bóyá ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là nìyẹn. Odò ni. Wọ́n fọwọ́ sí ilé náà. Nígbà tí òjò dé, fẹ́ǹsì rẹ̀ dí ojú àgbàrá, omi sì ya wọ ilé wa. Àmì ẹrẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ mi, ó ga tó orúnkún. N kò bínú sí bàbá náà, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ti fi ìgbìmọ̀ lélẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ títí dé káńsù, àwọn olùṣètò ìlú tó gba ìwé àṣẹ sì wà nílùú yìí tí wọ́n lè kọ́ni. Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007, ẹ̀kọ́ wákàtí 4 lọ́dọọdún ni òfin bù fún ọmọ ìgbìmọ̀ ètò ìlú kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í tún ẹni tí kò bá gbà á yàn. Àmọ́ ibì kan kù nínú òfin wọn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ìpinnu tí ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ bá ṣe ṣì fìdí múlẹ̀. Ní tiwa, kí ẹ̀kọ́ ṣáájú ìjókòó àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kó wọn lọ sí etí odò lásìkò òjò, kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tí omi ń gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Kúbwá, Àbújá