Àsìkò tó yẹ wo nìyẹn?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lórí òfin búlì nílé ìwé, ìyẹn káwọn ọmọ kan máa fìyà jẹ ọmọ bíi tiwọn, ó dáa, àmọ́ ibi tó ká mi lára jù lẹ kàn fò kọjá, ìyẹn ìgbà tó yẹ kí wọ́n sọ fún òbí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10 nígbà yẹn, tó bá ti ti ilé ìwé dé, báàgì á ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ táá ti sáré wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kódà kò ní tíì kí èèyàn. Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé wọn ò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni. Àṣé ibẹ̀ gan-an làwọn mẹ́ta kan ti ń lúgọ dè é, ló bá ń mú ìtọ̀ mọ́ra látàárọ̀, kò tiẹ̀ mumi mọ́, ike omi tí mò ń rọ kún ń padà wálé bó ṣe lọ. Mo rí ike yẹn o, mo kàn ń da omi ẹ̀ nù ni. Ìgbà tọ́rọ̀ wá bẹ́, tíṣà ní àwọn ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, déètì wà níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí, wọ́n ní ìlànà àwọn ni pé káwọn sọ fún òbí "ní àsìkò tó yẹ".

Ta ló ń pinnu àsìkò tó yẹ, jàre? Àwọn ibì kan ti fi iye ọjọ́ sí i. Ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní David's Law, ti 2017, ní tẹ́nì kan bá ti lè fẹjọ́ sùn, òbí ọmọ tí wọ́n búlì gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó kọjá ọjọ́ iṣẹ́ kẹta. New Jersey, nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, látọdún 2011, tíṣà tó bá rí i gbọ́dọ̀ sọ fún prínsípà lọ́jọ́ yẹn gan-an, prínsípà á sọ fún òbí gbogbo ọmọ tọ́rọ̀ kàn, ìwádìí ò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ ilé ìwé 10. Òfin Philippines ti 2013 náà ní kí wọ́n sọ fún òbí ẹni tó búlì àti tẹni tí wọ́n búlì. Ìyẹn wù mí gan-an, torí ìyá ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ gbọ́, obìnrin náà kàn jókòó ni, kò lè sọ̀rọ̀.

Faransé ní tiwọn sọ búlì nílé ìwé di ẹ̀sùn ọ̀daràn ní 2022, tọ́mọ bá tìtorí ẹ̀ para ẹ̀ ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Mi ò bá wọn jà, àmọ́ ìgbà yẹn ọmọ ti lọ.

Mo mọ̀ pé ọmọ míì wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń búlì ẹ̀ gan-an ni ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Kí tíṣà kọ́kọ́ bi í, kó sọ fún òbí ẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún un láì sọ ìdí ẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́nì kankan dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 5.

Ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin pé ọjọ́ mélòó. Ọmọ mi ti kúrò nílé ìwé yẹn, òfìfo ni ike omi ẹ̀ ń wálé báyìí, àmọ́ mo ṣì máa ń mì í wò.

Èmi ni,
Òbí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín