Ìgò Tí Mo Fi Ránṣẹ́, Dà Á Nù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé àyẹ̀wò X-ray tí o ṣe torí oyún èkejì tí kò tíì dé, èyí tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ojú mi ò ká a, ni mo bá gbé fóònù lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ilé kejì, àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì: túùbù òsì, ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé ọmọ, ti dí; omi tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò gba ti ọ̀tún kọjá geere. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ìgò àgbo tí mo fún awakọ̀ lóṣù tó kọjá, èyí tí obìnrin tó tà á fún mi ní yóò fọ túùbù, dà á nù. Owó rẹ̀ ti wọgbó, má fi inú rẹ san èyí tó kù. Èyí tó ní kí o máa kì sójú ara náà, ju ú sí ṣáláńgá.

Ìyá Nọ́ọ̀sì bi mí pé ta ló sọ fún mi pé gọ́tà ni túùbù. Wọ́n fa òwú kan yọ létí ìró wọn, wọ́n gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní bí ihò rẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó nìyẹn níbi tó ti wọ ilé ọmọ. Ohun tí èèyàn bá mu, inú ìfun ló ń lọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló máa ru ẹrù rẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ débẹ̀ lọ gbálẹ̀. Èyí tí a bá kì sójú ara lè bó èèyàn, kó fa kòkòrò wọlé, kòkòrò sì ló ń dí túùbù. Mo wo òwú náà títí. Ojú tì mí.

Mi ò gbàgbé ibà tó mú ọ lẹ́yìn tí o bí Ìyanu. Ohun tó ń jáde lára rẹ ń rùn, o ní kí á lọ sí ọsibítù, èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni ara ọlọ́mọ tuntun ṣe ń rí, mo gbé omi kaná kí o jókòó lé e. Bóyá ibẹ̀ ni dídí túùbù yìí ti wá, bóyá kọ́. Àtọ̀sí ń fà á, kòkòrò mìíràn tí kì í dun èèyàn rárá ń fà á, apẹ́ńdíìsì tó bẹ́ náà lè fà á. Bí ìyàwó ilé kankan bá ń kùn pé o ti ṣẹ́yún rí ni, má dá a lóhùn. Ní kó wá bi èmi.

Ti ọ̀tún là, má fojú kékeré wò ó. Ẹyin tó bọ́ lápá òsì pàápàá, ti ọ̀tún lè gbé e. Wọ́n tún ní túùbù máa ń súnkì nígbà mìíràn bí ara bá ń ro èèyàn lórí tábìlì X-ray, àwòrán á wá fi hàn bíi pé ó dí. Ìwọ náà sọ pé díẹ̀ ló kù kí o fò bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Bi dókítà bóyá kí wọ́n tún un wò, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré yẹ inú ikùn wò. Bí wọ́n bá máa tún un ṣe, lẹ́yìn nǹkan oṣù ni, kí ẹyin tó bọ́. Kí ẹ sùn lọ́tọ̀ látìgbà tí nǹkan oṣù bá ti dé, kí wọ́n má lọ da omi lé oyún lórí. Béèrè oògùn ìrora kí o tó gun tábìlì.

Bàbá Ìyanu ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò? Pé ó bí Ìyanu lọ́dún 5 sẹ́yìn kò ní kó má ṣe é. Rọra sọ ọ́, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe níwájú àwọn àbúrò rẹ̀.

Ní 1978, mo wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀, a gbọ́ pé òyìnbó bí ọmọ nínú ìgò, olùkọ́ Bíbélì wa ní ayé ti parí. Àṣé túùbù ìyá ọmọ náà, Lesley Brown, ló dí. Oldham ní England ló bí Louise sí, ọ̀nà kan náà ló sì fi bí Natalie ní 1982. Òun náà wá èkejì. Mi ò ní kí o sáré lọ ṣe IVF, ọmọ inú ìgò yẹn, o, owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kàn án, tí wọ́n sì rí i pé omi kún túùbù òsì, wọ́n lè ní àwọn á kọ́kọ́ yọ ọ́ tàbí dè é, torí omi yẹn máa ń ṣàn wá ba ilé ọmọ jẹ́. Má pariwo lé wọn lórí.

Èyí tí mo fẹ́ kí o há sórí rèé. Bí nǹkan oṣù bá sá, tí àyẹ̀wò ní oyún ni, tètè lọ ṣe scan, bíi ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7, kí wọ́n rí ibi tó jókòó sí. Oyún máa ń há sínú túùbù tó ti ní àbùkù. Bí ikùn bá ń dùn ọ́ lápá kan, tí èjìká ń ro ọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, má dúró de ọkọ rẹ, má pè mí. Ọsibítù ni kí o gbà lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni màá wọ mọ́tò. Ìyanu á wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ tí o bá ń lọ rí dókítà. Bí o bá ti da àgbo yẹn nù, fọ ìgò náà dáadáa kí o gbé e pamọ́ dè mí, epo pupa ni mo fẹ́ rọ sí i.

Ìyá rẹ